Trumpet: ètè mi kì í pẹ́ kú, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Choir: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Trumpet ni mò ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tá a bá ti kọ orin méjì báyìí ètè mi á ti kú, nóòtù òkè ò ní jáde mọ́. Mo sì máa ń práktíìsì gan-an ní Sátidé o.

Alága Band: Sátidé nìkan kẹ̀! Iṣan ẹnu lò ń kọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń fẹ́, ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀ ti tó o bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ fọn nóòtù G ìsàlẹ̀ gígùn, kó rọra jáde, kó wú, kó tún lọ sílẹ̀, má jẹ́ kó gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn má tẹ bọ́tìnì kankan, ètè àti èémí nìkan ni kóo fi gbé e láti C lọ sí G, kóo tún padà. Bóo bá ṣe fọn tó, sinmi tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Fèrè: Òótọ́ ni sà. Àmọ́ ṣé kì í ṣe pé o ń ti mouthpiece (ibi tá a ń gbé ẹnu lé lára trumpet) mọ́ ètè tóo bá ń wá nóòtù òkè? Ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá níbẹ̀, àfi kó kú.

Ọmọ Choir: Haa, àmì róbótó ṣì wà lẹ́nu mi báyìí 😂 Ẹ ṣé mà. Scale, àwọn nóòtù tá a ń fọn tẹ̀lé ara wọn lọ sókè sódò, ńkọ́?

Alága Band: Lo metronome, ẹ̀rọ tó ń lu àkókò orin, fi í sí 60, ìyẹn ìlù ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Tí ò bá tíì mọ́, má sún un sókè o jàre.