Ṣé mindfulness àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti tàwọn dókítà, ọ̀kan náà ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Mi ò rí oorun sùn mọ́, ni dókítà bá ní kí n lọ sí kíláàsì mindfulness ọlọ́sẹ̀ 8, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti fọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n fún kálukú ní èso àjàrà gbígbẹ ẹyọ kan, pé ká wò ó dáadáa, ká gbóòórùn ẹ̀, ká gbé e sórí ahọ́n ká má tíì jẹ ẹ́, èmi ti gbé tèmi mì kí tíṣà tó sọ̀rọ̀ tán 😂 Mo wá ròyìn ẹ̀ fún obìnrin ará Sri Lanka kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹlẹ́sìn Búdà ni, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun kọ́ nìyẹn. Àbí méjì ló wà ni?

Bàbá Àgbà Ọnlaìnì: Bàbá kan ló bí wọn, ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti tọ́ wọn. Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, ló dá kíláàsì ọlọ́sẹ̀ 8 sílẹ̀ lọ́dún 1979, ní yunifásítì Massachusetts lọ́hùn-ún, fáwọn tí ìrora wọn ò gbọ́ oògùn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lòun náà ti kọ́ ọ, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ yọ ẹ̀sìn kúrò ńbẹ̀ ni. Sati ni wọ́n ń pè é lédè Pali, èdè àtijọ́ tó wà nínú ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ìrántí ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ rí i báwọn òbí wa ṣe máa ń sọ pé "rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe"? Kì í ṣe pé o gbàgbé orúkọ bàbá ẹ, kó o fi sọ́kàn níbi tó o bá ti ń hùwà ni. Nínú ọ̀nà ẹlẹ́ka 8 ti Búdà, ìyẹn ohun 8 tó ní kéèyàn máa fi ṣèwà hù, sati ni ìkeje, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ àti iṣẹ́ tó o fi ń jẹun náà wà ńbẹ̀, ẹni tó ń ta ohun ìjà ò lè jókòó máa mí sínú mí síta kó ní òun ti ṣe é pé. Tàwọn dókítà ò bi yín níṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, kẹ́ ẹ ṣáà sùn.

Dúpẹ́_UK: Ẹ rọra o bàbá. Depression ti dá mi wó lẹ́ẹ̀mẹta, MBCT, ìyẹn mindfulness tí wọ́n pò mọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ni wọ́n fi tọ́jú mi, láti 2004 ni NICE, àjọ tó ń sọ ìtọ́jú tó yẹ káwọn dókítà máa lò, ti fọwọ́ sí i níbí fún irú àwa tó máa ń padà wá bá. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ò ju pé kí n máa wo èrò bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, kí n má sáré gbà á gbọ́. Ṣé Búdà ò sọ bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Àgbà Ọnlaìnì: Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó tún wá bi ọ́ pé ṣé "èmi" kan tiẹ̀ wà tó ń wo èrò ọ̀hún. Ibẹ̀ ni dókítà ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì: Hẹ̀ẹ́n! Ìyá mi kì í jẹ́ n jáde láìsọ "rántí ọmọ ẹni" yẹn. Ọ̀la ni kíláàsì kejì, mo ti ra àjàrà gbígbẹ páálí kan, àwọn ìbejì ti jẹ ìdajì.