Owó ìfẹ̀yìntì tí mo gbà láti London, àti bí mo ṣe kéde rẹ̀ ní Àbújá

Ìyá Ìbejì, Kubwa:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní kí àwa tá a ti òkè òkun padà wálé sọ bí ọ̀rọ̀ owó orí ṣe rí fún wa. Tèmi rèé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tọ́jú àwọn arúgbó ní London, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 2023 ni mo padà sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Kubwa. Mo kọ fọ́ọ̀mù P85 tí wọ́n máa ń kọ béèyàn bá ń kó kúrò lọ́hùn-ún, mo sì ro pé mo ti bọ́. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi ṣì wà níbẹ̀, £24,000. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 61 ní 2025, ilé tí mo ń kọ́ ní Ìlọrin ò tíì ní òrùlé, ni mo bá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́rin kì í ní owó orí lọ́hùn-ún. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: £6,000 á wọlé bó ṣe wà, orí £18,000 tó kù ni wọ́n á ti yọ owó orí. Mo ní bóyá á ju ẹgbẹ̀rún kan lọ díẹ̀. Ìgbà tí owó wọlé lóṣù karùn-ún, £17,521 ni mo bá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ kí n tó rí 1257L M1, ìyẹn kóòdù owó orí mi, tí wọ́n kọ sí igun òkè rẹ̀.

M1 yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣírò owó mi bí ẹni pé oṣooṣù ni màá máa gba £18,000. Lọ́dún, £12,570 ni wọn kì í gba owó orí lé lórí, ìdá kan nínú méjìlá rẹ̀ ni wọ́n yọ̀ǹda fún mi. Ìyókù wá ń gun òkè lọ: ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ogójì, títí dé márùndínláàádọ́ta. Wọ́n gé £6,479. Bẹ́ẹ̀ n kò ní owó mìíràn níbẹ̀ lọ́dún náà, £1,086 ló yẹ kí wọ́n gbà.

Fọ́ọ̀mù P50Z ni mo fi gba owó mi padà, mo sì fi P45 tí wọ́n fún mi, ìwé tó ń fi iye tí wọ́n san àti owó orí tí wọ́n yọ hàn, há a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi fọ́ọ̀mù mú. Ẹni tó kó owó rẹ̀ tán tí kò sì ní owó mìíràn ló ń kọ P50Z. Ẹni tó kó tán àmọ́ tó ní owó mìíràn tó ń wọlé, P53Z. Ẹni tó mú díẹ̀ níbẹ̀ tó fi ìyókù sílẹ̀, P55. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, £5,393 ti padà sọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ Àbújá ló wá kù. Ẹ̀gbọ́n kan ní ìjọ wa ní kí n dákẹ́, pé owó tó bá ti gba dom, àkáǹtì owó òkèèrè ní báńkì, wọlé, ìjọba kì í béèrè nǹkan kan lórí rẹ̀. N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ti gbé níbí tó ọjọ́ 183 láàárín oṣù méjìlá, òfin kà á sí ará ibí, owó tó bá sì gbà níbikíbi láyé ní í ṣe pẹ̀lú owó orí ibí. Èmi kì í tilẹ̀ í kúrò ní Kubwa mọ́. Ṣé kí n wá máa fi ọjọ́ ogbó sá fún ìwé ni?

Oṣù kẹta ọdún yìí ni mo lọ sí ọ́fíìsì owó orí ní Àbújá, kí ọjọ́ 31 tí wọ́n máa ń tì í tó pé. Ọmọbìnrin kan tó wọ hìjáábù ló dá mi lóhùn. Ó ní, “Mama, zauna,” ó sì fa àga fún mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ dom fún un. Ó ṣí ìwé òfin tí wọ́n ń lò fún owó 2025, ó fi bírò tọ́ ọ sí mi: èrè ìdókòwò, èlé, owó ilé, owó ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ (royalty). Àwọn mẹ́rin yìí ni òfin dá sí bí wọ́n bá gba báńkì wọlé láti òkèèrè. Owó ìfẹ̀yìntì kò sí níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí òfin dá sí ni èyí tó wà lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti Nàìjíríà níbí. Mo ní ìdá kan nínú mẹ́rin ńkọ́? Ó ní òfin àwọn tó ṣe é nìyẹn, ìwé tiwa ò mọ̀ ọ́n.

Ó béèrè ọjọ́ tí owó wọlé gan-an, nítorí iye tí pọ́n-ùn kan jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wá ní kí n kọ owó orí tí mo ti san lọ́hùn-ún, torí Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì ti ní àdéhùn láti 1987 kí wọ́n má bàa gba owó orí ẹ̀ẹ̀mejì lórí owó kan. Ìwé kan ṣoṣo tí mo mú dání ni ti £6,479. Mo ti kọ 6, mo ti kọ 4, kí ọkàn mi tó sọ pé: “Wọn ò ha ti dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ padà fún ọ?” Mo gbé bírò sílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ tán tí mo fọwọ́ sí i, irọ́ ni mo fọwọ́ sí yẹn, n kò sì ní mọ̀ pé mo purọ́.

Mo wọ ọkọ̀ padà sí Kubwa lọ mú ìwé kejì, nínú oòrùn oṣù kẹta, mo sì padà lọ́jọ́ kejì. £1,086 ni mo kọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí gan-an nìyẹn: ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n máa dá padà yanjú ní London kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀ níbí.

Bàbá Houston, Gwarinpa:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi yàtọ̀, ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni mo ti dà kí n tó padà wálé. Ẹnì kan sọ fún mi pé tí mo bá ti ń gbé ní Àbújá, mo ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù tí ọmọ ìlú wọn bá ń gbé, tí owó tó ń wọlé fún un bá ti tó iye tí òfin wọn là sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ 1040, ìwé owó orí wọn. Wọ́n yọ ogún nínú ọgọ́rùn-ún nínú 401(k) mi, owó ìfẹ̀yìntì tibi iṣẹ́ lọ́hùn-ún, kó tó dé ọwọ́ mi, àmọ́ mo ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè lẹ́yìn rẹ̀. Ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń ṣe fún owó tí èèyàn fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí nílẹ̀ òkèèrè, kò kan owó ìfẹ̀yìntì. Kò sì sí àdéhùn owó orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà bíi tiyín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò mi, tí owó inú gbogbo àkáǹtì yín níbí bá ju $10,000 lọ lápapọ̀ nígbà kankan láàárín ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ FBAR, ìwé tí wọ́n fi ń sọ àkáǹtì tó wà nílẹ̀ òkèèrè fún ìjọba Amẹ́ríkà. Èmi ò mọ̀, ó sì dùn mí gan-an pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Àbúrò Lokoja:

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣeun. Èmi náà fẹ́ kó tèmi láti London lọ́dún yìí. Ṣé kí n gbà á lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Ìyá Ìbejì, Kubwa:

Rárá, ọmọ mi. Kọ́kọ́ gba díẹ̀, bíi £500, kí wọ́n lè fún ẹ ní kóòdù tó yẹ, kí M1 yẹn kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó o wá gba ìyókù. Ọdún owó orí tiwọn ń parí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, tiwa ní ìparí oṣù kejìlá, nítorí náà wo kàlẹ́ńdà méjèèjì kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ni wọ́n máa fi ṣírò tìẹ níbí: ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, àwọn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń gòkè dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tó o bá dé Àbújá, pè mí. A jọ máa lọ.