Orí kẹrin iṣẹ́ àkànṣe mi padà wá lẹ́ẹ̀kẹta: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mò ń kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́ ni mo sì ti ṣe ìwádìí mi. Àkòrí rẹ̀ ni ipa tí ẹ̀yáwó ń kó nínú ìdàgbàsókè òwò wọn. Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí tí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti ń dá orí kẹrin padà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní tábìlì ti pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kò yé àwọn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán láìfẹnu kan oúnjẹ. Ìgbà tí wọ́n sì pè mí wọlé, ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí bírò pupa fi kọjá lórí tábìlì mẹ́fà. Níbi tí mo kọ ọ́ sí pé ìpíndọ́gba ipò ìgbéyàwó àwọn olùdáhùn jẹ́ 2.1, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Irú ìgbéyàwó wo ni 2.1?” Nísàlẹ̀ ibi tí mo ti ṣe chi-square, ìṣirò tó ń fi iye tí a rí wé iye tí a retí, wọ́n kọ “Báwo?”, wọn kò sì kọ ohun mìíràn.

Owó ti lọ lórí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá mi lo SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí, gba ₦25,000, ẹni tó tẹ ìwé gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti tún un tẹ̀. Ìwé ìbéèrè 120 tí mo pín, gbogbo 120 ló padà sọ́wọ́ mi, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí a gbèjà iṣẹ́ wa. Ṣé kí n wá ẹlòmíràn tí yóò tún SPSS náà ṣe ni, àbí kí n lọ bẹ olórí ẹ̀ka kí wọ́n yí mi sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn? Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo mọ bí bírò pupa ṣe ń rí lára ènìyàn. Nígbà tí èmi náà ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe tèmi, àwọn tó ń fún òróró àgbọn ní agbègbè wa níbí ni mo lọ bá, mo sì fi ìdùnnú kọ ọ́ pé ìpíndọ́gba èrè wọn dára gan-an. Olùkọ́ mi pè mí, wọ́n ní kí n dárúkọ obìnrin kan ṣoṣo tó ń rí iye owó yẹn. N kò rí ẹnì kan dárúkọ. Jẹ́ kí n fi owó òde òní ṣàlàyé rẹ̀. Bí obìnrin márùn-ún bá jèrè ₦12,000, ₦15,000, ₦15,000, ₦18,000 àti ₦140,000 lọ́sẹ̀ kan, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦200,000, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ ₦40,000. Èrè àwọn mẹ́rin kò tó ìdajì iye yẹn, ti ẹnì karùn-ún sì ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá tò wọ́n láti orí ẹni tó kéré jù, tí o sì mú ẹni tó wà láàárín gan-an, ₦15,000 ni yóò jáde, ìyẹn sì jọ ìgbé ayé wọn. Lọ wo owó inú tábìlì tìrẹ náà, bóyá àwọn alágbàtà díẹ̀ tó ní firísà ńláńlá ló gbé gbogbo rẹ̀ sókè.

Olùkọ́ Àgbà, Ìkòròdú:

Ọ̀rọ̀ tèmi yóò le díẹ̀, má bínú. Ẹni tó san ₦25,000 kí ẹlòmíràn lè bá òun ronú, kí ni yóò sọ nígbà tó bá dé iwájú àwọn olùdánwò? Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò ohunkóhun tí a bá gbé síwájú rẹ̀, kò ní béèrè bóyá ó nítumọ̀. Ta ló sọ fún un pé 1 ni ẹni tí kò tíì lọ́kọ, 2 ni adélébọ̀, 3 ni opó? Ìwọ ni. Orúkọ ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn dúró fún, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ojúlé. Kò sí ẹni tó ń ro nọ́ńbà ojúlé àdúgbò pọ̀ kó tún wá pín in.

Ní 1946 ni Stanley Smith Stevens, ará Amẹ́ríkà, ti pín ọ̀nà tí à ń gbà fi nọ́ńbà wọn nǹkan sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ló sì ń tẹ̀ lé e títí dòní. Èkíní kàn ń pe orúkọ ni, bí ipò ìgbéyàwó, ẹ̀sìn tàbí irú ẹja tí wọ́n ń tà. Iye ènìyàn, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àti èyí tó wọ́pọ̀ jù nìkan ni a lè sọ níbẹ̀. Èkejì ń tò wọ́n ní ìpele, bíi “mo gbà gan-an” títí dé “n kò gbà rárá”: a mọ èyí tó ga ju èkejì lọ, a kò mọ bí àlàfo àárín wọn ṣe fẹ̀ tó, nítorí náà iye àárín ló yẹ ẹ́. Ẹ̀kẹta ní àlàfo tó dọ́gba, ṣùgbọ́n òdo rẹ̀ kò sọ pé kò sí nǹkan, bí ooru tí a fi Celsius wọ̀n. Ẹ̀kẹrin ni owó, ọjọ́ orí, iye agbọ̀n ẹja, níbi tí òdo ti jẹ́ òdo ní tòótọ́. Mú ìwé ìbéèrè rẹ, kọ ìpele ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o tó tún fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀pẹ́:

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà. Mo ti yọ 2.1 náà kúrò. Ṣùgbọ́n, Olùkọ́ Àgbà, kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Orí pátákó ni wọ́n ti kọ́ wa, ẹnikẹ́ni kò fi SPSS hàn wá rí. Ohun tó ń dùn mí jù ni “Báwo?” yẹn, nítorí chi-square mi dára. Gbólóhùn tí mo lò ni “Ẹ̀yáwó mú kí ọjà mi tà sí i.” Àwọn 58 gbà gan-an, 42 gbà, 12 kò gbà, 8 kò gbà rárá. Chi-square jẹ́ 57.87, iye ààlà tó wà nínú tábìlì ẹ̀yìn ìwé ìṣirò sì jẹ́ 7.82 ní 0.05. Tèmi ju ti tábìlì lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ̀yáwó ń mú òwò dàgbà. Kí ló kù tí wọ́n ń béèrè?

Kọ̀ǹpútà Sẹ́ńtà, Ẹ̀pẹ́:

Àbúrò mi, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí o ti kọjá ààlà 0.05, ó dá ọ lójú ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún pé òtítọ́ ni àbá rẹ. Lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn.

Olùwádìí, Ìgbógbó:

Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí 0.05 ń sọ ni pé, bí kò bá sí ìbáṣepọ̀ kankan, tí a sì ń tún ìwádìí kan náà ṣe léraléra, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún ni èèṣì lásán yóò gbé èsì tó kọjá ààlà jáde. Kò sọ bí àbá wa ṣe jẹ́ òtítọ́ tó. Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìwé rẹ̀ ti 1925 sọ ààlà yẹn di ohun tí gbogbo ayé ń lò, ènìyàn ló sì yàn án.

Àbúrò, wo bí 57.87 rẹ ṣe jáde. A pín 120 sí ọ̀nà mẹ́rin, ó di 30 fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. A yọ 30 kúrò lára 58, 42, 12 àti 8, a sọ ohun tó kù kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, a rò ó pọ̀, ó di 1,736. A fi 30 pín in. Kí wá ni ìṣirò yìí dán wò? Ó dán an wò bóyá ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iye ènìyàn kan náà. Ó ní rárá. Ohun tó mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kò mọ ohunkóhun nípa bí ọjà ṣe ń tà.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀yáwó, ọ̀nà méjì ni tábìlì rẹ gbọ́dọ̀ ní. Ká ní o bá 100 obìnrin sọ̀rọ̀: 60 gba ẹ̀yáwó, 40 kò gbà, ọjà 50 nínú gbogbo wọn tà sí i. Bí ẹ̀yáwó kò bá ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ìdajì ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni a ó retí, ìyẹn 30 nínú àwọn 60 àti 20 nínú àwọn 40. Bí ohun tí o rí bá jẹ́ 36 àti 14, chi-square yóò jẹ́ 6.0, ó sì ju 3.84 lọ, ìyẹn ààlà tí ìwé ìṣirò fún irú tábìlì kékeré yìí. Níbo ni tábìlì àwọn tí kò gba ẹ̀yáwó wà nínú iṣẹ́ rẹ?

Ohun kan tún ń jẹ mí lọ́kàn. Mo gbà pé ìlànà Taro Yamane, tó ń sọ iye ènìyàn tó yẹ ká bi léèrè nínú àpapọ̀ wọn, ni o fi mú 120, bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe ń ṣe. Mo ṣe é láti ẹ̀yìn wá pẹ̀lú 0.05: àpapọ̀ ẹni 171 ló máa ń bí 120. Ọjà Olúwo tí mo mọ̀, tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹja láti ìdájí, àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ ju 171 lọ. Ta ni àwọn 171 yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀pẹ́:

Mo ti ka ìbéèrè yín láti alẹ́ àná, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ dáhùn rẹ̀. Ẹni 171 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá mi jẹ́ akápò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá san owó ni màmá bá mi pín ìwé ìbéèrè náà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó kúrò níjokòó. Ìdí nìyẹn tí 120 fi pé. Kò sí ẹni tí kò gba ẹ̀yáwó nínú wọn. Ẹni tó bá mi lo SPSS tiẹ̀ sọ fún mi nígbà náà pé òun kọ “gba ẹ̀yáwó” fún gbogbo wọn, kọ̀ǹpútà sì kọ̀ láti ṣe ìṣirò tábìlì alọ́nà méjì, ó ní “constant” ló ń kọ jáde, mo sì ní kí ó lo èyí tó bá lè ṣe. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ní àìsàn.

Olùkọ́ Àgbà, Ìkòròdú:

Ẹ̀rọ náà sọ òtítọ́ fún ọ. Ohun tí kò yí padà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, a kò lè fi ṣe ìfiwéra. Mo tún ronú sí àwọn ìyá tó ń dáhùn níwájú akápò tí wọ́n jẹ lówó: èwo nínú wọn ni yóò sọ pé ẹ̀yáwó kò wúlò? Má sì jẹ́ kí pípé ìwé tàn ọ́. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà gba ìdáhùn tó lé ní mílíọ̀nù méjì nípa ìdìbò ààrẹ, wọ́n ní Landon ni yóò wọlé. Roosevelt ló wọlé, ó sì gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ni wọ́n gbára lé púpọ̀, àwọn tí ìyà ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú wọn.

Kọ̀ǹpútà Sẹ́ńtà, Ẹ̀pẹ́:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù o. Kó kàn yí 50 nínú wọn padà sí “kò gba ẹ̀yáwó” nínú kọ̀ǹpútà, kó sinmi.

Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì:

Ọmọ mi, má gbọ́ èyí. Irọ́ ni, orúkọ rẹ ni yóò sì wà lẹ́yìn ìwé náà, kì í ṣe tirẹ̀. Yí àkòrí rẹ padà. Fi àwọn tó gba ẹ̀yáwó kékeré wé àwọn tó gba èyí tó pọ̀, o ti ní ìwé wọn lọ́wọ́.

Olùwádìí, Ìgbógbó:

Mà, ẹ dárí jì mí, ìyẹn kò mú ọ̀rọ̀ akápò kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó láti padà sọ́jà. Kó kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún olùkọ́ rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ kan tó bá fi ìwé kékeré ṣẹ́ kèké láàárín 1 sí 5, kó máa mú ìsọ̀ karùn-ún karùn-ún láti ibẹ̀ lọ, láìka ẹni tó mọ̀ sí. Kó má sì kọ “ẹ̀yáwó ló fà á” síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn tí ọjà wọn ti ń tà tẹ́lẹ̀ ni ẹgbẹ́ máa ń yá lówó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀pẹ́:

Mo lọ bá olùkọ́ mi láàárọ̀ yìí, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe rí 120. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ohun tí àwọn fi “Báwo?” béèrè nìyẹn. Wọ́n gbà kí n padà sọ́jà, wọ́n sì fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá kọ́kọ́ bínú pé mo tú àṣírí àwọn síta, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà pé àwọn kò ní tẹ̀ lé mi. Mo ṣẹ́ kèké, 3 ló jáde. Mo ti tún ìwé ìbéèrè náà tẹ̀ lálẹ́ yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fi kún un, lókè pátápátá: “Ǹjẹ́ ẹ ti gba ẹ̀yáwó rí fún òwò yín?”