Omi Tó Ń Jò Lábẹ́ Síńkì, Tó Kọ̀ Tí Kò Dáwọ́ Dúró

Tanke:
Sàlámù àlékùmù, ẹ̀yin ará ilé. Síńkì ilé ìdáná kan ní Tanke níbí, nílùú Ìlọrin, ń jò lábẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ trap rẹ̀ (páìpù títẹ̀ abẹ́ síńkì tí omi máa ń dúró sí) lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù oníṣẹ́jú-mẹ́rin lẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ tílẹ̀ bá ti mọ́, ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù á tún tutù. Pákó ibẹ̀ ti wú bí àkàrà inú epo. Kí ló kù?

Gaa-Akanbi:
Wàálékùmù sàlámù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ibi tí ilẹ̀ ti tutù kọ́ ni omi ti ń yọ. Ó máa ń rọra tọ ara páìpù wá, ìgbà tó bá dé ibi tó rẹlẹ̀ jù ni yóò kán. Trap ló sì rẹlẹ̀ jù, òun ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ trap tí kò ṣẹ̀.

Ẹ kó ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù síta. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo páìpù dáadáa, kí ẹ wá fi tíṣù wé oríkèé kọ̀ọ̀kan: ìdí ẹnu ẹ̀rọ lókè, nọ́ọ̀tì flexible (páìpù rírọ̀ tó ń gbé omi wá sí ẹnu ẹ̀rọ) lókè àti nísàlẹ̀, fáàfù ara ògiri, abẹ́ ihò síńkì, ọrùn trap, ìdí rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ìdájí láìlo síńkì. Èyí tó bá tutù ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Bí omi bá jò lóru tí ẹnikẹ́ni kò fọ nǹkan, ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé ni kí ẹ fura sí, torí agbára omi wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àmọ́ trap náà kì í ṣófo. Tí ike rẹ̀ bá sán nísàlẹ̀, òun náà á jò lóru, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ ni, yóò dá dúró, òórùn gọ́tà á wá gba ibẹ̀ gòkè. Òórùn yẹn lẹ fi máa mọ̀ ọ́n.

Ọ̀fà:
Tí tíṣù òru bá gbẹ, ẹ dí ihò síńkì, ẹ pọn omi sí i dé ìdajì, ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú. Tó bá jò láìtíì ṣí i, rọ́bà etí ihò ló ti kú. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tú omi sílẹ̀ ló jò, ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tì trap.

Ẹ má wé téèpù funfun mọ́ nọ́ọ̀tì trap o! Wọ́ṣà, rọ́bà inú nọ́ọ̀tì, ló ń dí omi níbẹ̀, eyín nọ́ọ̀tì kàn ń fún un mọ́lẹ̀ ni. Wọ́ṣà tó bá ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ṣe ṣóńṣó, ṣóńṣó náà ló ń wọ inú trap, pẹrẹsẹ rẹ̀ ló ń kọjú sí nọ́ọ̀tì. Tí wọ́n bá fi í sódì, kò sí bí ẹ ṣe lè fún un tí kò ní jò. Ẹ fi ọwọ́ fún nọ́ọ̀tì títí yóò fi dúró, ẹ fi ìdámẹ́rin ìyípo kan kún un, ó tó. Sípánà ló ń fọ́ nọ́ọ̀tì oníke.

Tó bá jẹ́ etí ihò, ẹ ha sílíkóònù àtijọ́ kúrò kí irin mọ́ tónítóní, kó sì gbẹ, kí ẹ tó fi tuntun sí i. Ẹ má da omi sí i kí 24 wákàtí tó pé.

Òmù-Àrán:
Flexible náà ní wọ́ṣà nínú, kò gba téèpù. Eyín fáàfù tó wọ inú ògiri ló nílò rẹ̀: ẹ wé e bí ọwọ́ aago ṣe ń yí tí ẹ bá kọjú sí ẹnu eyín náà, ó kéré tán ìyípo 5. Téèpù tó fẹ́lẹ́ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dá fáàfù náà padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún un. Tí ẹ bá dá a padà díẹ̀ péré, ẹ tú u, ẹ wé òmíràn.

Gaa-Akanbi:
Ó kù díẹ̀. Ilé tó ń fi ẹ̀rọ fa omi sínú páìpù tààrà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí iná bá wà. Agbára omi táǹkì tó ga ní mítà 6 kò ju nǹkan bí 0.6 bar lọ. Ẹ̀rọ lè ju èyí lọ fíìfíì. Ó lè máa jò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ nìkan.

Ìyá kan láti Adewole:
Omi ìrẹsì tí a bọ̀ tó ṣì ń hó, ẹ má dà á sínú síńkì. Páìpù oníke PVC máa ń rọ̀ láti bíi ìwọ̀n 80°C, oríkèé rẹ̀ á sì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù, tàbí kí ẹ ṣí omi tútù sí i dáadáa bí ẹ ṣe ń dà á.

Tanke:
Tíṣù ti jẹ́wọ́. Nọ́ọ̀tì flexible ti òkè, lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Téèpù tó nípọn bí ìka ni wọ́n wé sí i, wọ́ṣà inú rẹ̀ sì ti le bí egungun ẹja. Trap gbẹ fúrúfúrú.