Gíláàsì ọkọ̀ mi ti ṣú bàìbàì, mi ò ríran lálẹ́ mọ́. Ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ gíláàsì ọkọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, láti Gbọ̀ngán wá sí Òṣogbo, gbogbo ọkọ̀ tó bá tanná bọ̀ níwájú, ńṣe ni iná wọn ń fọ́n ká ojú gíláàsì bí ìgbà tí èèyàn da mílíìkì sí i. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo rọ̀ mọ́ títí mo fi délé. Bàbá Ìbejì ní ọwọ́ mi ni gíláàsì ti bàjẹ́, pé nígbà tí òun ń wa ọkọ̀ ó mọ́ kedere. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ fún mi ní gbogbo Sátidé, mi ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀, mo tún máa ń ra oúnjẹ fún wọn. Wọ́n á ní "Mọ̀mí, ó ti mọ́", tí mo bá bọ́ sínú oòrùn, màá rí i pé kò mọ́. Mo ti fi Omo fọ̀ ọ́, mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo fi ọṣẹ ìfọyín ra á, mo fi ìwé ìròyìn nù ún gbẹ. Kò lọ. Ẹnì kan ní kí n lọ ra gíláàsì tuntun. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

Onígíláàsì Old Garage

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ ò sọ bóyá iwájú nìkan ni àbí ti ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ ò sọ bóyá inú ni àbí ìta, ẹ ò sì sọ irú omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ da omi tó mọ́ sí ìta gíláàsì ní òwúrọ̀, kí ẹ wò ó nígbà tó ṣì tutù. Bí àbàwọ́n bá pòórá, tó tún yọjú nígbà tó gbẹ, ìta ló wà. Bí kò bá yí padà rárá, ìta kọ́.

Ọmọ Alẹ́kúwodò

Ìbéèrè ti pọ̀ jù. Fínígà ni! Fínígà funfun tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ, ife kan, kí ẹ da ife omi kan mọ́ ọn. Ẹ rẹ tíṣù sínú rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àbàwọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá. Abẹ́ òjìji ni o. Bí gíláàsì bá gbóná, fínígà á gbẹ kó tó ṣiṣẹ́.

Mọ́gàjí

Kí ni fínígà lè ṣe? Oògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí wọ́n fi pa á, ìṣẹ́jú méjì ni. Bí ó bá ṣì kù, kí wọ́n fi kànrìnkàn onírin ha á.

Àǹtí Kẹ́míìsì

Mọ́gàjí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́. Ásíìdì tó wà nínú púpọ̀ nínú oògùn yẹn kò níí jẹ gíláàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ṣàn sísàlẹ̀, á jẹ irin wáípà, á ba ọ̀dà jẹ́, á sì jẹ nǹkan dídán tó yí ojú fèrèsé ká. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni àwọn oògùn ìfọ ríìmù kan tó ní hydrofluoric acid nínú. Ìyẹn ń jẹ gíláàsì gan-an, ó sì ń wọ awọ ara lọ sínú egungun. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Mọ́gàjí

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Òun náà kan.

Àǹtí Kẹ́míìsì

Ìyẹn ṣeé lò. Ṣùgbọ́n ẹ sẹ́ ẹ kí kóró àti èérí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa, torí ṣúgà inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gíláàsì, eruku á sì wá bá a níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun. Èmi kì í ṣe ọ̀bùn o, ẹ jọ̀ọ́. Omi bọ́ọ̀hóòlù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, omi wo ni wọn ì bá tún lò? Mo ti ṣe fínígà. Ti ẹ̀gbẹ́, tó ní òrùka funfun roboto roboto, ó ti lọ díẹ̀ níta. Iwájú ni kò gbọ́. Mo da omi sí i bí ẹ ṣe wí, bó ṣe wà náà ló ṣe wà.

Onígíláàsì Old Garage

Ó ti yé mi. Àìsàn méjì ni ẹ ń fi oògùn kan wò.

Òrùka ẹ̀gbẹ́ yẹn, omi bọ́ọ̀hóòlù ló fà á. Kálísíọ́ọ̀mù àti mágínísíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, tí oòrùn bá fa omi lọ, wọ́n á ṣẹ́ kù sórí gíláàsì, bí funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù. Ẹ tún fínígà ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Kí àwọn ọmọ yẹn máa nu omi gbẹ kí oòrùn tó fà á, tàbí kí wọ́n fi omi òjò ṣàn án kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí òrùka ṣì wà, tí èékánná sì ń kọ́ níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ti jẹ gíláàsì wọnú. Cerium oxide ni wọ́n fi ń ra ìyẹn: ìyẹ̀fun kan ni, wọ́n á pò ó mọ́ omi bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á fi ẹ̀rọ tí ń yí jẹ́jẹ́ àti fẹ́ẹ̀tì (aṣọ onírun tó ki) ra á, kò sì gbọdọ̀ gbẹ. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan, gíláàsì á gbóná, ó lè sán, tàbí kí ojú ibẹ̀ jin wọnú, kí nǹkan máa wọ́ lójú yín tí ẹ bá ń wo ìta.

Ti iwájú, mo fura sí inú. Ẹ fi tíṣù funfun gbígbẹ nu inú gíláàsì, kí ẹ sọ àwọ̀ tó mú fún wa.

Ọmọ Alẹ́kúwodò

Bíléèdì tuntun náà dáa. Ẹ fi omi ọṣẹ tutù ú, kí ẹ dẹ bíléèdì sílẹ̀, síwájú nìkan ni kí ẹ máa tì í, ẹ má fà á padà.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà

Ẹ̀gbọ́n onígíláàsì, tíṣù yẹn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró! Mo gbàgbé láti sọ pé wọ́n máa ń fín pólíìṣì sí dáṣíbọ́ọ̀dù ní gbogbo Sátidé. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa fín in torí ó máa ń dán. Ti ẹ̀gbẹ́, tíńtẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, òun náà ti ń pọ́n bí omi zobo, ó sì ń wú. Oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ilé ni mo fi ń nù ún. Mo ti ra kànrìnkàn onírin àti bíléèdì lónìí, ọ̀la ni mo fẹ́ ha á.

Onígíláàsì Old Garage

Ẹ dúró! Ẹ má ha nǹkan kan nínú ọkọ̀ yẹn. Bíléèdì tí wọ́n sọ, ìta nìkan ni, lórí gíláàsì lásán. Rọ́bà ni tíńtẹ́ẹ̀dì, kànrìnkàn á ya á pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ti ẹ̀yìn tún léwu jù, torí àwọn ìlà tín-ínrín tín-ínrín tó ń gbóná láti lé ìrì. Bíléèdì á gé wọn, kò sì rọrùn láti dì wọ́n padà.

Àǹtí Kẹ́míìsì

Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò búlúù yẹn bóyá amóníà wà nínú rẹ̀. Amóníà ń tú gọ́ọ̀mù tíńtẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ló ń mú un wú. Pípọ́n yẹn, oòrùn ló ń ṣá aró rẹ̀. Kò sí oògùn tó lè dá a padà, yíyọ ló kù.

Mọ́gàjí

Ṣé wọ́n tiẹ̀ ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá fún tíńtẹ́ẹ̀dì yẹn? Òfin ti wà nílẹ̀ láti 1991.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a nígbà tí a ra ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká yanjú ti iwájú ná.

Onígíláàsì Old Garage

Pólíìṣì yẹn ni. Oòrùn á gbóná lé dáṣíbọ́ọ̀dù, òróró rẹ̀ á gbéra bí èéfín, á lọ lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì. Fínígà kò mọ òróró. Kẹrosíìnì tí ẹ fi nù ún, òróró mìíràn lẹ fi kún un.

Dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa padà. Ẹ kán ọṣẹ ìfọ-abọ́ díẹ̀ sínú omi, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ ti fún gbẹ nù ún, kí ẹ tún fi omi lásán nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́n sípírítì sára tọ́wẹ́lì microfibre (èyí tó rọ̀, tí kì í fi òwú sílẹ̀), ẹ má fín in sí gíláàsì kó má baà kán sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ torí òórùn rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn. Tọ́wẹ́lì méjì: àkọ́kọ́ á kó òróró, èkejì tó gbẹ á tẹ̀ lé e. Inú, ẹ nù ún láti òkè wá sílẹ̀; ìta, láti ọ̀tún sí òsì. Bí ìlà bá kù, ẹ̀ẹ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà. Ẹ nu kẹrosíìnì kúrò lára rọ́bà wáípà náà.

Tíńtẹ́ẹ̀dì: ẹ fín omi ọṣẹ sí i, kí ẹ lẹ ọ̀rá dúdú mọ́ ọn, kí ọkọ̀ wà lóòrùn bíi wákàtí kan. Kí ẹ fi èékánná mú igun kan, kí ẹ máa ṣí i jẹ́jẹ́.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà *(lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta)*

Ẹ ṣeun púpọ̀! Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo wà á lọ sí Ìkìrun lálẹ́ àná, iná ọkọ̀ kò fọ́n mọ́. Àmọ́ igun ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ó funfun bí ògì, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Mo nu inú, mo nu ìta, ọwọ́ mi kò kàn án.

Onígíláàsì Old Garage

Ìyẹn kò ní lọ. Gíláàsì iwájú, pẹlẹbẹ méjì ni, rọ́bà wà láàárín wọn. Omi ti gba etí wọlé, àwọn pẹlẹbẹ yẹn sì ti ń ṣí. Ṣé òun ló bá ọkọ̀ wá?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà

Rárá. Lọ́dún tó kọjá ni òkúta fọ́ ti àkọ́kọ́. Bàbá Ìbejì ló lọ ra tòkunbọ̀ yìí kí n tó máa wa ọkọ̀.

Onígíláàsì Old Garage

Á jẹ́ pé ó ti ń ṣí kó tó dé ọwọ́ yín. Torí pé ó wà lójú awakọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo igun èyí tí ẹ bá fẹ́ rà, kí ẹ rí "LAMINATED" lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka tọ etí rẹ̀ yí ká bóyá ó ti ń funfun. Ẹ bi ẹni tó bá fi sí i ní iye wákàtí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ fi ń gbẹ, kó pé kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ Bàbá Ìbejì. Ó dákẹ́, ó lọ fi ìka tọ etí gíláàsì náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun máa gbé ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé.