Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọkọ̀ kọ̀ntéínà àti ìgbì tó ń ti iwájú bọ̀

Àjàní_Mate3: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Inú ọkọ̀ epo ni mo wà tẹ́lẹ̀. Ní báyìí wọ́n gbé mi sí ọkọ̀ kọ̀ntéínà tó máa gba àríwá Pàsífíìkì lọ sí Amẹ́ríkà nígbà òtútù. Lórí parametric rolling (kí ọkọ̀ máa fì sọ́tùn-ún sósì, kó sì máa pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ni ìgbì ti ń bọ̀), kí ni kí n kà, kí ni kí n máa ṣọ́?

Àgbà_Òkun: Àbúrò, bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ kọ̀ntéínà kan tó ń jẹ́ APL China. Oṣù kẹwàá 1998 ni, ó ń ti Kaohsiung ní Taiwan lọ sí Seattle. Wọ́n kọjú ọkọ̀ sí ìgbì bí gbogbo wa ṣe kọ́ ọ, síbẹ̀ ó fì dé dígírì 35 sí 40. Nǹkan bí 400 kọ̀ntéínà ló bá òkun lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ka MSC.1/Circ.1228, ìtọ́sọ́nà fún kaputeni lórí ojú ọjọ́ burúkú, tí IMO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun) gbé jáde ní 2007. Kò gùn rárá.

Tọ́lá_akẹ́kọ̀ọ́: Bí téńté ìgbì bá wà láàárín ọkọ̀, ibi tó fẹ̀ nímú àti nídìí rẹ̀ á yọ kúrò lómi, GM (ìwọ̀n tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe lágbára tó láti dìde padà bó bá fì) á já wálẹ̀. Bí kòtò ìgbì bá dé àárín, GM á tún ga. Ẹ wo ọmọ tó dúró lórí jangirọ́fà: kò sẹ́ni tó ń tì í, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń tẹ orúnkún nínú àlọ àti àbọ̀ kan, ó sì ń ga sí i. Bí ìgbì bá gùn tó ọkọ̀, tó sì ń pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú fífì kan, ẹ múra.

Àjàní_Mate3: Tí a bá dín eré kù ńkọ́?

Tọ́lá_akẹ́kọ̀ọ́: Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà! Ká ní ọkọ̀ yín ń fi ìṣẹ́jú àáyá 25 fì lọ, fì bọ̀. Ìgbì oníṣẹ́jú àáyá 14 gùn tó mítà 306. Tí ẹ bá ń sá knot 20 (máìlì òkun 20 ní wákàtí kan), ìṣẹ́jú àáyá 9.5 ló wà láàárín ìgbì kan sí èkejì. Ẹ dín in sí knot 5, ó di 12.5. Ìdajì 25 géérégé nìyẹn.

Ìyá_Ẹnjíní: Bilge keel, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti dín fífì kù, ńkọ́?

Àgbà_Òkun: Ó ń ṣèrànwọ́, àmọ́ bí eré bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni agbára rẹ̀ náà ń dín kù. Àjàní, fi aago ọwọ́ rẹ wọn fífì ọkọ̀ náà fúnra rẹ, nítorí ẹrù tí wọ́n bá kó ló ń pinnu GM. Kí ẹ sì tó ṣí kúrò ní èbúté, bi kaputeni pé ìhà wo ni kí o yí ọkọ̀ sí bó bá ṣẹlẹ̀ lóru tóun ń sùn.