Ọmọ mi fi ìgúnpá ṣèṣe: ṣé ká jẹ́ kí dókítà tẹ eegun náà padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà àti ẹ̀yin òbí tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8, ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló kọ́kọ́ ní ó ń dun òun, àmọ́ tí a bá ní kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, á fi igbe ta, á di ìgúnpá mú. X-ray fi hàn pé eegun rédíọ́ọ̀sì (ọ̀kan nínú eegun méjì tó wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́) dá lọ́rùn, lábẹ́ orí rẹ̀ tó wà níbi ìgúnpá gan-an, ó sì tẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 40.

Dókítà ní tí kò bá ju 30 lọ ni, ká gbé ọwọ́ náà kọ́ ọrùn tàbí ká fi POP (ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó dá) dì í ti tó, torí eegun ọmọdé máa ń tún ara rẹ̀ tò bó ṣe ń dàgbà. Ó fẹ́ fún un lóògùn oorun, kó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà láì fi ọ̀bẹ kàn án.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí ìgúnpá má lọ gan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, ṣé ọwọ́ ọmọ yín ń yí dáadáa báyìí? Ìgbà wo ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ wọ́ ọ o, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ eegun tó dá.